Fáìlì Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Fi Linux Sí Ogún Kọ̀ǹpútà Láìjókòó Tì Wọ́n

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé ìwé girama kan ní Odò-Ọwá-Èkìtì, ní agbègbè Ìjerò. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi dáwó jọ, wọ́n ra ogún kọ̀ǹpútà àlòkù ní Computer Village, Ìkẹjà, wọ́n kó wọn wálé. Owó Windows ò sí, nítorí náà olùkọ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ fi Linux sí gbogbo wọn. Ó ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Èdè wo? Kíbọọ̀dù wo? Aago ìlú wo? Dísìkì wo ni kí n pa rẹ́? Kí ni orúkọ ẹ̀rọ yìí? Ta ni yóò máa lò ó? Olùkọ́ dáhùn, ó tẹ Enter, ó dúró, òmíràn tún yọjú. Kó tó dé orí ẹ̀rọ keje, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan wà ní aago Èkó, èkejì ń lo aago London. Ọ̀kan ń jẹ́ lab7, òmíràn ń jẹ́ Lab-08. Bí ilé iṣẹ́ iná BEDC bá sì mú iná lọ láàárín, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí èdè wo.

Ẹ padà wo àwọn ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í yí padà láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Nàìjíríà ni gbogbo ẹ̀rọ wà, kíbọọ̀dù kan náà ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kí ló wá dé tí a ó fi máa sọ ohun kan náà nígbà ogún? Ẹ kọ ìdáhùn sínú fáìlì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀rọ máa kà á fúnra rẹ̀. Fáìlì ìdáhùn ni mo máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ìdílé Linux kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: àwọn Red Hat ní Kickstart, Debian ní preseed, SUSE ní AutoYaST tí wọ́n ń fi XML kọ, Ubuntu Server sì ti ń lo autoinstall láti ìgbà tí 20.04 ti jáde lọ́dún 2020. Autoinstall la máa fi kọ́ ẹ̀kọ́ tiwa, nítorí pé ojú lásán lè kà á. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan kò ní pẹ́ mọ àwọn yòókù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ogún kọ̀ǹpútà nìkan lèyí. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé rí iṣẹ́ gbà pé kí wọ́n fi Linux tiwọn sórí kọ̀ǹpútà kékeré Classmate PC 17,000 fún àwọn ilé ìwé ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi Windows rọ́pò rẹ̀. Inú bí François Bancilhon tó jẹ́ ọ̀gá Mandriva, ó kọ lẹ́tà síta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni USPF, àjọ ìjọba tó ń náwó sí apá kan iṣẹ́ náà, sọ pé Mandriva làwọn fẹ́ síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló bá ọ̀rọ̀ owó àti òṣèlú inú rẹ̀ lọ. Ohun tó ká èmi lára ni 17,000 yẹn. Kò sẹ́ni tó máa jókòó ti ẹ̀rọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò máa tẹ Enter. Ẹni tó bá kọ ohun tí ẹ̀rọ yóò kà ló pinnu ohun tí ọmọ ilé ìwé yóò bá lójú kọ̀ǹpútà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ tiwa. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ojú ewé òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé Ubuntu Server sórí ẹ̀rọ kan bó ṣe wù yín gan-an. Tó bá parí, ẹ lọ wo fáìlì tó ń jẹ́ /var/log/installer/autoinstall-user-data. Gbogbo ohun tí ẹ dáhùn ló ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀. (Àwọn tó ń lo Red Hat tàbí Fedora á rí irú rẹ̀ ní /root/anaconda-ks.cfg.) Ẹ dà á kọ, kí ẹ wá máa gé ohun tí kò wúlò kúrò. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, ó lè rí báyìí:

#cloud-config
autoinstall:
  version: 1
  locale: en_NG.UTF-8
  keyboard:
    layout: ng
    variant: yoruba
  timezone: Africa/Lagos
  identity:
    hostname: ORUKO
    username: oluko
    password: "$6$..."
  packages:
    - xubuntu-core
    - libreoffice
    - gcompris-qt

Ìlà àkọ́kọ́ máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Ní ibòmíràn nínú fáìlì yìí, ohun tó bá tẹ̀lé àmì # jẹ́ àlàyé fún ènìyàn, ẹ̀rọ kì í kà á. Ti ìlà àkọ́kọ́ yàtọ̀: òun ló ń sọ irú fáìlì tó jẹ́ fún ẹ̀rọ. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ̀rọ yóò ṣe bí ẹni pé kò rí fáìlì náà rárá, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní èdè wo.

Ìkejì ni àlàfo tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àlàfo yẹn ló ń sọ pé variant wà lábẹ́ keyboard, kì í ṣe lábẹ́ timezone. Bọ́tìnnì àlàfo gígùn nísàlẹ̀ kíbọọ̀dù ni kí ẹ fi ṣe é, méjì méjì. Ẹ má tẹ Tab. Lójú yín méjèèjì lè jọra, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á kọ Tab lójú ẹsẹ̀. Tí fáìlì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣàkíyèsí layout: ng àti variant: yoruba. Kíbọọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Linux tipẹ́, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò, láìsí pé a ń lọ wa nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ló ń lo kíbọọ̀dù Amẹ́ríkà, tí ọmọ kò sì rí ibi tí yóò ti tẹ ẹ àti ṣ, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ kàn tẹ Enter kọjá ni. Fáìlì ìdáhùn kì í kánjú, bẹ́ẹ̀ ni kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ gba èdè wa pátápátá lè fi yo_NG.UTF-8 rọ́pò en_NG.UTF-8, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ètò orí kọ̀ǹpútà ni wọn ò tíì tú sí Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á ṣì máa sọ.

Ní ti password, ẹ má kọ ọ́ ní ìhòòhò. Ẹ tẹ openssl passwd -6 lórí ẹ̀rọ Linux kan, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sí i, yóò sì yí i padà di ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $6$. Òun lẹ máa lẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú àmì " tó yí i ká. Síbẹ̀, ẹ má gbé fáìlì náà sí gbangba. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó rọrùn bí 1234 ṣì ṣeé méfò láti inú ọ̀wọ́ lẹ́tà yẹn.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí. Fáìlì tó wúlò fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò nira. Èyí tó máa sin ogún ẹ̀rọ lónìí, tó sì máa sin ilé ìwé mìíràn ní Aràmọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, ló gba ìrònú. Tẹ́lọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí mọ̀ ọ́n: pátánì kan ló gé fún gbogbo ẹbí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n olúkúlùkù wà nínú ìwé rẹ̀, kò jẹ́ gé ìwọ̀n ìyàwó mọ́ pátánì. Ẹ pín fáìlì tiyín bẹ́ẹ̀. Èdè, kíbọọ̀dù, aago àti àwọn ètò tí ẹ fẹ́, ti gbogbo ẹ̀rọ ni. Orúkọ ẹ̀rọ àti dísìkì rẹ̀, ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ. Bí ogún ẹ̀rọ bá ń jẹ́ orúkọ kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Orúkọ ẹ̀rọ kì í gba àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. A sí z, òǹkà, àti àmì ìdapọ̀ kékeré nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi orúkọ ìlú sí i, ẹ rántí pé Odò-Ọwá kan tún wà ní Kwara, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Èrò. Nínú fáìlì wa, mo kọ ORUKO síbi hostname. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ, àyè tí a fi sílẹ̀ ni. Autoinstall ní apá kan tó ń jẹ́ early-commands, tó máa ń ṣiṣẹ́ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Lásìkò yẹn, fáìlì ìdáhùn yín ti wà nínú ẹ̀rọ ní /autoinstall.yaml, ẹ sì lè tún un ṣe, nítorí ẹ̀rọ máa tún un kà lẹ́yìn náà:

  early-commands:
    - sed -i "s/ORUKO/lab-$(cat /sys/class/net/e*/address | head -n1 | tr -d ':')/" /autoinstall.yaml

Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé: lọ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ojúhò wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, yọ gbogbo àmì : inú rẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ lab-, kí o sì fi rọ́pò ORUKO. Nọ́ńbà yẹn kì í jọra lórí ẹ̀rọ méjì. Àwọn kan fẹ́ràn láti lo nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà fún un. N ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ àlòkù tí wọ́n tò jọ, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni “To be filled by O.E.M.”, orúkọ tó kún fún àlàfo tí ẹ̀rọ ò lè jẹ́.

Ti dísìkì ló léwu jù, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí ẹ kò bá sọ dísìkì tí ẹ fẹ́, autoinstall á mú èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀rọ, á sì pa ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Lórí ẹ̀rọ tó ní dísìkì kan, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ilé ìwé bá ní dísìkì ńlá kejì tó fi ń kó èsì ìdánwò pamọ́ sí, èyí tó tóbi jù yẹn lèsì ìdánwò. Nítorí náà ẹ sọ ọ́:

  storage:
    layout:
      name: direct
      match:
        ssd: true

Èyí ń sọ pé SSD nìkan ni kó fọwọ́ kàn, kó fi háàdì dísìkì àtijọ́ sílẹ̀. Bákan náà, kí ẹ yọ gbogbo dísìkì ìta kúrò lára ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni fáìlì ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ? Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dá ni lójú ni fíláàṣì méjì. Ubuntu Server wà lórí ọ̀kan. Ẹ sọ èkejì ní CIDATA, kí ẹ fi fáìlì méjì sí i: user-data, tí í ṣe fáìlì ìdáhùn wa, àti meta-data, tó lè ṣófo, ṣùgbọ́n tó gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀rọ á rí orúkọ CIDATA yẹn, á sì mọ ohun tó kàn. Kó tó pa dísìkì rẹ́, á béèrè lẹ́ẹ̀kan péré bóyá kó máa lọ, ẹ ó sì dáhùn yes. Ẹ lè mú ìbéèrè yẹn kúrò nípa kíkọ autoinstall mọ́ ìlà tí ẹ̀rọ fi ń tàn nínú GRUB. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi dán fáìlì náà wò nínú VirtualBox (ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín), tó sì ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Dátà náà ń kọ́? Ogún ẹ̀rọ tó ń fa LibreOffice wá lọ́kọ̀ọ̀kan á jẹ dátà nígbà ogún. Ẹ fi apt-cacher-ng sórí ẹ̀rọ olùkọ́, kí ẹ sì kọ proxy: pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà àti ojúhò 3142 sínú fáìlì. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á fà á wá láti ìta, àwọn yòókù á gbà á lọ́wọ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n proxy yẹn máa wà nínú ẹ̀rọ títí lẹ́yìn iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó bá kúrò ní yàrá náà, tí wọ́n gbé lọ sílé ọ̀gá ilé ìwé, kò ní lè gba ètò tuntun mọ́ àyàfi tí ẹ bá yọ ọ́.

Ó ku ìlà kan. Nígbà tí autoinstall bá parí, ṣe ló máa ń pa ẹ̀rọ tó sì ń tún un tàn. Bí fíláàṣì bá ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ń kọ́kọ́ wo fíláàṣì tó bá ń tàn, tí ẹ sì ti mú ìbéèrè yes kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, á pa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ rẹ́, á tún un gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa yí títí dìgbà tí ẹnì kan bá wọlé. Ẹ kọ shutdown: poweroff sábẹ́ autoinstall. Tí ẹ̀rọ bá parí, á kú pátápátá, ẹ ó yọ fíláàṣì, ẹ ó sì kì í bọ èyí tó kàn.