Àìsàn Ìfun Tí Kì Í Tán Bọ̀rọ̀, àti Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Mọ́sálááṣí

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, omi àlùwàlá àti bí a ṣe ń fọ bútà mọ́ ni mo kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí kò jìnnà sí i, àmọ́ ó nira fún mi láti sọ, torí pé ọwọ́ tèmi náà kò mọ́ níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní mọ́sálááṣí wa tó máa ń pe ìrun Àsùbáà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì máa ń jí ká tó jí. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ní Jímọ̀, ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, títí tí kò fi wá mọ́ rárá. Àwọn kan ní ayé ti wọ̀ ọ́ lójú. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ burúkú ló kó sí. Èmi dákẹ́, mi ò bèèrè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi gan-an ni mò ń ta oògùn fún un.

Ìyá rẹ̀ ló máa ń wá sí kẹ́míìsì mi. “Dókítà, ẹ bá mi wá Flagyl fún un, ìgbẹ́ ọ̀rìn yẹn tún ti dé.” Màá fún wọn. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tún padà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn èèyàn sọ pé ó jẹ́, àwọn sì ti ń fún un ní àgbo. Oṣù 8 la fi ṣe èyí kí n tó là ẹnu pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá.” Nígbà tó wọlé, mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ṣòkòtò ti ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá yàgbẹ́ nígbà 10 lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń pọ̀ jù níbẹ̀.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá sí mọ́sálááṣí mọ́. Ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn: “Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Kí n tó rí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Jímọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti bọ́ sí mi lára.”

Mo kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, wọ́n sì gé ẹran ara bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ulcerative colitis ni wọ́n bá níbẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò tí Flagyl ń pa, kì í sì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí.

Àìsàn yìí jẹ́ ọ̀kan nínú méjì tó jọ ara wọn. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ara wa láti máa bá kòkòrò jà ló yíjú sí ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun á wú, á pọ́n, á di egbò, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ulcerative colitis kì í kúrò ní ìfun ńlá, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ihò ìdí ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni àìsàn Crohn, tí wọ́n fi orúkọ dókítà Burrill Crohn pè. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1932. Èyí lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ó sì lè mú kí ihò tó ń ṣọyún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí. Méjèèjì máa ń rọlẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, wọ́n á tún ru sókè. Wọn kì í ran ẹlòmíì. Ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú àwo kan, ẹ lè lo bútà kan náà.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àìsàn òyìnbó la ka èyí sí. Èrò yẹn ló tì mí sẹ́yìn. Níbi tí ìgbẹ́ ọ̀rìn àti taifọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, kò sẹ́ni tó ń ronú kan nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun ń bá a jáde, tí ó ń jí èèyàn lóru, tí ara ń rù, ẹ má ṣe padà sí kẹ́míìsì mọ́. Oríkèé ara tó ń dunni, ojú tó ń pọ́n àti egbò ẹnu tí kò lọ lè bá a rìn. Dókítà tó mọ̀ nípa ìfun wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní LUTH, ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìlọrin. Ohun mìíràn tó mú kí àyẹ̀wò ṣe pàtàkì ni pé ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú ìfun, kó sì jọ àìsàn Crohn gan-an. Oògùn tó ń tu ẹni tó ní Crohn lára lè mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbilẹ̀ sí i.

Nípa oògùn, díẹ̀ ni màá sọ. Ẹni tó ń lo prednisolone kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, ìyẹn léwu púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà bíi gúgúrú lè ru àìsàn náà sókè. Sulfasalazine lè sọ ìtọ̀ di pupa bí òkúta ọsàn, ẹ má jáyà. Ó sì lè dín irúgbìn ọkùnrin kù nígbà tó bá ń lò ó, èyí tó máa ń padà sípò tí wọ́n bá yí oògùn náà padà. Mo ń sọ èyí nítorí tọkọtaya tó ń retí ọmọ tí wọ́n ti ń fura sí àna. Àwọn obìnrin tó ní àìsàn yìí náà ń lóyún, wọ́n ń bímọ. Ìgbà tí àìsàn bá rọlẹ̀ ló dára jù láti lóyún, kí wọ́n sì rí dókítà kí wọ́n tó fi oògùn sílẹ̀.

Ní àwọn ìlú òkèèrè, àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ló kóra jọ láti sọ̀rọ̀ fún ara wọn. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ti Ìlú Ọba ní 1979. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 14 kan tó ní Crohn ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan. Òun àti ìyá rẹ̀ kò dákẹ́, nígbà tó sì di 2005, ìpínlẹ̀ Illinois ṣe òfin pé kí ṣọ́ọ̀bù máa ṣílẹ̀kùn fún irú wọn. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London, ẹgbẹ́ ti Ìlú Ọba ní káàdì kékeré tí aláìsàn lè fi hàn láìṣàlàyé ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ni wọ́n fi ń rántí àìsàn yìí kárí ayé.

Àwa kò nílò kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó kí a tó ṣí ilẹ̀kùn mọ́sálááṣí. Ẹ rántí ará oko tó tọ̀ sínú mọ́sálááṣí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ́dínà. Àwọn ọmọlẹ́yìn fẹ́ dìde sí i. Ànọ́bì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó parí, lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n da omi garawa kan sí i. Ara ọkùnrin yẹn dá o; kò mọ̀ ni.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ àgádágodo yìí dé ìgbìmọ̀ wa, akápò kò gbà. Ó ní àwọn ọlọ́kadà á sọ ibẹ̀ di ti gbogbo ayé. Òótọ́ ló sọ, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ohun tí a ṣe ni pé a dá owó jọ fún ẹni tó ń fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, a sì kan ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn inú, a fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ mú un, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í léèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ló tún burú jù, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn wà lẹ́yìn ọgbà pátápátá. A ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó súnmọ́ wọn. Bíríkì ti dé, owó òrùlé ló kù.

Lórí ìrun àti ààwẹ̀, àwọn áfáà ló ni ìdáhùn, àmọ́ ìbéèrè ni kí a má tijú láti gbé lọ bá wọn. Ìdẹ̀rùn wà fún ẹni tí àlùwàlá rẹ̀ kì í dúró. Súrà Baqarah, áyà 184 àti 185, dárúkọ aláìsàn nínú àwọn tí a yọ̀ǹda fún láti má gba ààwẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí apòògùn, mo lè sọ pé ẹni tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ tí omi sì ń gbẹ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹni tí tirẹ̀ ti rọlẹ̀, kó rí dókítà nínú oṣù Ṣàbáánì. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, prednisolone á bá oúnjẹ sààrì lọ, oògùn tí a ń fà sí ìdí á sì di lẹ́yìn ìṣínu.

Owó tún ńkọ́? Oògùn yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Aláìní àti ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà nínú àwọn tí sàká tọ́ sí, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ sàká wa rántí ẹni tó ta ilẹ̀ nítorí àyẹ̀wò. Kí ẹnì kan máa tẹ̀lé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kó di fáìlì mú, kó kọ ohun tí dókítà sọ sílẹ̀. Kí olùkọ́ nínú wa bá ọmọ tó ní in gba ìwé àṣẹ láti jáde nígbà ìdánwò. Ẹ má sì dárúkọ àìsàn ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹ bá ń ṣe àdúà fún un. Ìyá ọmọ yìí sunkún nítorí irú àdúà bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe sunkún nítorí àìsàn lọ.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ èyí, tó bá ti jẹ́ pé mi ò dárúkọ òun. Ó ti ń pe ìrun padà, kì í ṣe lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, ọ̀kan nínú wa máa ń pè é lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn nínú ilé rẹ̀, mo máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ó jọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan sọ̀rọ̀.