Ẹ̀kọ́ Wa: Àṣẹ Lórí Fáìlì Inú Kọ̀ǹpútà, Àti Bí Wọ́n Ṣe Dí Ibi Tó Jò

Àwọn ẹgbẹ́ kan nínú wa ti ń gbé ìwé àkọsílẹ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní 1991, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Lórí Linux, fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, ó sì ní ẹgbẹ́ kan tí a kọ ọ́ mọ́. Àwọn yòókù ni ìpín kẹta. Àṣẹ láti kà jẹ́ 4, láti kọ jẹ́ 2, láti mú fáìlì ṣiṣẹ́ jẹ́ 1. Bí ẹ bá rí 640, ẹni tó ni ín lè kà á, ó sì lè kọ ọ́. Ẹgbẹ́ lè kà á nìkan. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ìwé owó wa ni: akápò ń kọ ọ́, ìgbìmọ̀ ń wò ó, ará ìta kì í ṣí i.

Àmì mìíràn wà tí ń jẹ́ setgid. Bí ó bá wà lára fódà, fáìlì tuntun tí a bá dá síbẹ̀ yóò di ti ẹgbẹ́ tó ni fódà náà. Èyí dára fún iṣẹ́ àjọṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lára fáìlì tí ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá mú un ṣiṣẹ́ yóò lo àṣẹ ẹgbẹ́ náà títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti jò. Ní 2018 wọ́n rí i pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tó kàn láṣẹ láti kọ nǹkan sínú irú fódà bẹ́ẹ̀, lè dá fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ síbẹ̀, kí ó fi setgid sí i, kí ó sì gba ibẹ̀ dé ibi tí kò láṣẹ láti dé. Ẹ wo àlejò tó rí ìwé òfìfo tí a ti lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí! Nọ́ńbà àléébù náà ni CVE-2018-13405. Torvalds fúnra rẹ̀ tún un ṣe ní oṣù keje ọdún náà: bí ẹgbẹ́ bá lè mú fáìlì náà ṣiṣẹ́, tí ẹni tó dá a kò sì sí nínú ẹgbẹ́, tí kò ní àṣẹ pàtàkì, kernel yóò yọ setgid kúrò.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Oríṣiríṣi ọ̀nà ìpamọ́ fáìlì ló wà, bíi ext4, XFS àti Btrfs. VFS ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń gbà. Ṣùgbọ́n òfin setgid kò sí lẹ́nu ọ̀nà yẹn; inú iṣẹ́ kan tí ọ̀nà ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan ń pè fúnra rẹ̀ ni ó wà. XFS ní ẹ̀dà òfin náà tirẹ̀, nítorí náà àtúnṣe 2018 kò kàn án. CVE-2021-4037 nìyẹn; àtúnṣe rẹ̀ dé pẹ̀lú Linux 5.12 ní 2021. Àwa tí ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò mọ irú èyí dáadáa: wọ́n tún ìlànà kọ sínú ìwé kan, ẹ̀dà àtijọ́ sì ń bá iṣẹ́ lọ nínú ìwé kejì.

Ìtòtẹ̀léra pẹ̀lú dá wàhálà sílẹ̀. Umask ni ó ń dín àṣẹ fáìlì tuntun kù. Bí umask bá kọ́kọ́ yọ àṣẹ tí ẹgbẹ́ ní láti mú fáìlì ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e kò ní rí ohun tó ń wá, setgid yóò sì jókòó síbẹ̀. Nínú Linux 6.0, ní 2022, wọ́n gbé òfin náà wá sínú VFS gan-an, ṣáájú umask, kí ọ̀nà ìpamọ́ èyíkéyìí tó gbọ́ nípa fáìlì náà. Lójú tiwa, èyí ni àtúnṣe tó tọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ tiyín wò, ẹ ní kí ẹni tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín tẹ `find / -perm -2000`. Yóò to gbogbo ohun tó ní setgid jáde. `uname -r` yóò sọ nọ́ńbà kernel, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan, nítorí àwọn tí ń pín Linux máa ń fi àtúnṣe tuntun sínú kernel tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pẹ́.