Lórí Jíìpù Ńlá Tí O Fẹ́ Rà

Pọ́bẹ̀,
Ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àwòrán jíìpù Highlander tí o fi ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ní Kútọnu dé ọwọ́ mi. Ọkọ̀ náà dára lójú, ara rẹ̀ ń dán, ó sì gba èèyàn méje. O ní ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é, háíbíríìdì ni, iná àti epo ló fi ń rìn, ẹni tó ń tà á sì búra pé ìdajì epo tí jíìpù mìíràn ń jẹ ni yóò máa jẹ. Mo ní kí n kọ̀wé sí ọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù.

Mo mọ ohun tó mú ọ dé ìdí rẹ̀. Gbogbo wa, láti Ìfànyìn títí dé Kétu, la jọ jẹ nínú kpayo, epo pọ́ọ́kú tó ń gba Ìgolo wọlé láti Nàìjíríà. Ìjọba Nàìjíríà ló ń san lára owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa là ń fi í wa ọkọ̀ tó ju agbára wa lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan fi lè máa wa jíìpù onísìlíńdà mẹ́fà láti Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Nígbà tó wá di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kò pẹ́ rárá tí owó kpayo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lẹ́bàá ọ̀nà wa. Nítorí náà, bí o ṣe ń wá ọkọ̀ tí kò ní jẹ epo púpọ̀, ọgbọ́n ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o yàn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Iṣẹ́ iná ni mo ṣe ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onígbólò títí mo fi fẹ̀yìntì, torí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọlọ́jà kò ṣàlàyé fún ọ. Irú háíbíríìdì yìí kì í gba iná láti ara ògiri. Inú epo tí o rà náà ni gbogbo iná rẹ̀ ti ń wá. Bí o bá tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀ lásán, agbára eré tí o ti sá á di ooru lára irin bíréèkì, á sì ṣòfò. Nínú háíbíríìdì, mọ́tò iná tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á gba púpọ̀ nínú agbára yẹn, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú bátìrì. Bí o bá tún fẹ́ gbéra, òun ni yóò kọ́kọ́ ti ọkọ̀ síwájú. Bí o bá sì dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, epo á dúró. Ibi tí wọ́n ti ń dúró, tí wọ́n ti ń gbéra, ni èrè rẹ̀ wà: oríta Étoile Rouge, àdúgbò Dantokpa, àárín àwọn ọ̀kadà zémidjan ní Kútọnu.

Ìwọ ńkọ́? Pọ́bẹ̀ ni ilé rẹ, Ṣakẹ́tẹ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ. Ọ̀dà ni ọ̀nà náà. Àfi tí o bá bọ́ sẹ́yìn tírélà sìmẹ́ǹtì, kò sí ohun tó ń mú ọ tẹ bíréèkì títí o fi dé. Bí kò bá sí bíréèkì, kò sí agbára kankan láti kó jọ, bátìrì ńlá náà á wá di ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń rù kiri.

Má rò pé èrò ọkàn mi ni mò ń sọ. Fún ọdún 2008, General Motors fi háíbíríìdì sínú Chevrolet Tahoe, jíìpù ràbàtà onísìlíńdà mẹ́jọ, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó ṣe ayé lóore jù ní ọdún náà ní Amẹ́ríkà. Nínú àyẹ̀wò ìjọba wọn, Tahoe lásán ń jẹ nǹkan bíi lítà 17 láti rin 100 kìlómítà nígboro. Háíbíríìdì ń jẹ nǹkan bíi 11. Èrè gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní òpópónà ọ̀nà jíjìn, nǹkan bíi 12 ni ti lásán, háíbíríìdì sì sún mọ́ 11. Lítà kan péré! Wọn ò ṣe é mọ́ lẹ́yìn ti ọdún 2013.

Wọ́n á tún sọ fún ọ pé Land Cruiser ńlá tó ń jẹ lítà 17 ní Amẹ́ríkà ti di ohun tó ń jẹ nǹkan bíi 10 láti ọdún 2024, nítorí háíbíríìdì. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ sìlíńdà mẹ́jọ, wọ́n fi mẹ́rin sí i. Bákan náà ni Highlander háíbíríìdì ti ọdún 2020 síwájú: sìlíńdà mẹ́rin, kì í jẹ tó lítà méje. Èyí tí o ń wò yìí, sìlíńdà mẹ́fà ṣì ni.

Ká fi 700 fáráǹkì ṣírò lítà kan, ká ní ó dín lítà kan kù nínú 100 kìlómítà lójú ọ̀nà wa. Bí o bá rin 1,000 kìlómítà lóṣù, 7,000 fáráǹkì lo rí. Lọ béèrè iye bátìrì rẹ̀ kí o tó yọ̀.

Bátìrì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ti dàgbà púpọ̀. Abẹ́ àga àárín ló wà, fáànù ló ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti fi tù ú. O mọ eruku pupa ìlú wa, o mọ ọyẹ́. Bí eruku bá dí fáànù náà, bátìrì á gbóná, ooru á sì pa á. Fóòtì 288 ni bátìrì náà ń gbé, ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè gbé e dé 650 kó tó dé mọ́tò iná. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ ẹ́ńjìnnì dáadáa, mi ò fojú kéré wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń gbé iná náà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa kọ́kọ́rọ́ bátìrì yọ, ká dúró títí iná tó kù sílẹ̀ yóò fi tán. Iná yẹn ń pa èèyàn.

Ọ̀rọ̀ oko rẹ ní Ìsàbà tún wà. O ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, pé yóò wọ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí nígbà òjò. Kò sí ọ̀pá irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí. Mọ́tò iná kékeré kan ló ń yí i. Bí ó bá há sínú ẹrẹ̀ tó sì gbóná, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Alùpùpù ni kí o máa gùn lọ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ Kútọnu lò ń gbé, mà á ní kí o fi sùúrù kó owó jọ, kí o ra Highlander háíbíríìdì onísìlíńdà mẹ́rin náà. Ní báyìí, jíìpù kékeré onísìlíńdà mẹ́rin, irú RAV4 tí kì í ṣe háíbíríìdì, ló bá ọ̀nà rẹ mu. Máa wọn afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀, má sì sá eré àsápajúdé; ojú jíìpù fẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ ọ́ ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa jẹ epo.

Ohun kan tún kù: mo gbọ́ pé o ń kó gálọ́ọ̀nù kpayo pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná nítorí ọ̀wọ́n epo. Jọ̀ọ́, kó o kúrò lónìí. O rántí iná tó jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú. Àwọn ọmọ rẹ ń sáré kiri nínú ilé yẹn.

Bí ọkàn rẹ kò bá tíì kúrò lára Highlander náà, má san owó àsansílẹ̀ kí n tó dé. Èmi àti ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ni a ó jọ lọ. A ó wo bátìrì náà ní ìpín-ìpín, a ó wo fáànù abẹ́ àga, a ó sì wà á títí yóò fi gbóná. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé ká má wò ó, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti rí epo pupa tó fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.