Owó Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ Kì í Ṣe Owó Orin

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọrin ní Àgọ́-Àrẹ, àti ẹ̀yin òbí tí wọ́n ń bẹ̀ kí ẹ wá ṣe onídùúró fún wọn, èmi ò bá orin jà. Ìlú tí kò ní elérè, òkú arúgbó ibẹ̀ á dà bí òkú ọ̀fọ̀. Owó tí ẹ fi ń gbé orin náà jáde ni mo fẹ́ bá yín sọ: èyí tí ẹ ń yá lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, táwọn ìyá wa lọ́jà sọ ní gbómúléláńtà, àti èyí tí fóònù ń yáni kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Méjèèjì ti wọ ìdí iṣẹ́ elérè, wọ́n sì ti ń da ilé rú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọkùnrin kan yá ₦100,000 láti fi lọ sí sítúdíò. Kí owó náà tó kàn án lọ́wọ́, wọ́n ti yọ owó fọ́ọ̀mù àti owó ìnṣọ́ránsì, ká pè é ní ₦10,000. ₦90,000 ló gbé délé. Wọ́n ní kó máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Bí ẹ bá bi í, á ní èlé rẹ̀ ò ju ₦20 lórí ₦100. Ó ti ṣi í kà. ₦30,000 ni wọ́n jẹ lórí ₦90,000, láàárín oṣù mẹ́fà tí kò tiẹ̀ pé, owó náà ò sì fi oṣù mẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ti ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Bó bá fi máa san án dé ìdajì, gbèsè ti dín kù dé ìdajì, àmọ́ èlé odindi ló ṣì ń san. Tí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n ọdún kan bí àwọn báńkì ti ń ṣe, ó lé ní 100 lórí 100. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé òṣùwọ̀n èlé tiẹ̀ dé 27.50 lórí 100 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ariwo tí àwọn oníṣòwò ńláńlá pa ò ṣeé fẹnu sọ.

Síbẹ̀, ọjọ́ ìsanwó ló ń bà mí lẹ́rù ju èlé lọ. Aláta, elélùbọ́ àti onígààrí ni wọ́n dá gbómúléláńtà sílẹ̀ fún. Obìnrin tó bá fi ₦100,000 kó gààrí lọ́jà òní á ti tà á tán kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, á yọ ₦5,000 wọn, á fi ìyókù kó òmíràn. Owó rẹ̀ ń yí. Ẹ̀yin náà mọ bí òde ṣe máa ń rí ní Òkè-Ògùn. Ìgbà tí iṣu bá ti wọlé, tí wọ́n ti ta àgbàdo, tówó káṣú ń bọ̀ lọ́nà, ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń ṣe òkú bàbá wọn, tí wọ́n ń ṣílé, tí wọ́n ń gbéyàwó. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọkọ́ ni gbogbo ilé gbé dání, kò sẹ́ni tó ń wá elérè kiri, àfi tí Iléyá bá bọ́ sáàárín. Ẹ̀ẹ̀rùn tó jẹ́ ti elérè gan-an, ààwẹ̀ Rámádánì ti gba tiẹ̀ nínú rẹ̀ láwọn ọdún yìí: ti 2025 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ti 2026 sì bọ́ sínú oṣù kejì. Lẹ́ńtì àwọn ìjọ tún wà ńbẹ̀. Oṣù kan gbáko lè lọ láìsí òde kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn, ₦20,000. Ta ló máa san án?

Ìyá ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń bá wí yìí ò tiẹ̀ sí nínú ìwé àwọn ayánilówó náà. Orúkọ ìyá wọn ló wà ńbẹ̀, torí ẹgbẹ́ obìnrin ọlọ́jà ni wọ́n ń yá lówó. Ẹ lọ wo ìpàdé wọn lọ́jọ́ ìsanwó. Àwọn obìnrin á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, pásíbúkù á wà lórí itan wọn, ọmọdébìnrin tó ń gbowó á kà á tán, á tún un kà, á ní ó ku ₦5,000. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde. Oòrùn ń wọ̀, ọbẹ̀ ò tíì sí lórí iná nílé, gbogbo èèyàn á wá kọjú sí obìnrin kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ ń kọrin. Nígbà tó bá yá, wọ́n á dá a láàárín ara wọn kí wọ́n lè ráyè lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá kọjá lọ́jà, wọ́n á yọ ṣùtì sí i, ọjà tó sì ń rà láwìn lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, kò ní rí i rà mọ́.

Ti fóònù tún burú ju ìyẹn lọ. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, ẹni tó jẹ lówó á lọ bẹ ológò sí i. Samuel Johnson kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: ológò á wọ ilé onígbèsè, á dógò tì í, á máa bú u, á máa pariwo, á mú adìẹ tó bá rí pa jẹ, ọrùn onígbèsè náà ni gbogbo rẹ̀ wà, títí wọ́n á fi sanwó. Inú fóònù ni ológò ayé ìsinsìnyí ń gbé. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tí ẹ fún un láyè kó rí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín. Bí ọjọ́ bá ti pé, á ránṣẹ́ sí pásítọ̀, sí àna yín, sí bàbá tó fẹ́ bẹ̀ yín lóde lọ́jọ́ Sátidé, pé olè ni yín. Ẹlòmíì lè gbé ìtìjú yẹn mì. Elérè ò lè gbé e mì, torí nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó wà lórí fóònù rẹ̀ yẹn ni gbogbo ọjà rẹ̀.

Ìjọba ò kàn wò wọ́n níran. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ₦10 mílíọ̀nù owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà báyìí. Ní oṣù kẹjọ 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; èyí tí ẹ ò bá rí níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá sì jẹ́ báńkì lẹ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má rò pé àkáǹtì tuntun lẹ ó fi sá fún un. Láti 2020 ni CBN ti fún àwọn báńkì láyè láti lé gbèsè lọ bá àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN onígbèsè. Owó òde tí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé lè ti lọ kí àwọn onílù tó gba tiwọn, ìjà ọjọ́ yẹn ò sì ní kéré.

Mo mọ ohun tó ń lé yín débẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọkọ̀ ti wọ́n, jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n, níbi tí iná ìjọba ò sì ti dúró, kí ni elérè ò fi jẹnẹrétọ̀ ṣe? Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 lóṣù yẹn ti wà nítòsí ₦1,500 ní 2024. Máíkì, okùn gìtá, wáyà, àti owó tí ẹ ń san kí orin yín lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé gbogbo rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń san ní 2025 jẹ́ ₦80,000. Fídíò orin kan ṣoṣo ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti kọ́ orin yín délẹ̀. Ẹni tó jẹ́ iwájú máíkì ló ti ń wá ọ̀rọ̀, owó wákàtí ló ń jó níná. Ẹ kó orin mẹ́rin sí márùn-ún jọ kí ẹ tó wọkọ̀ lọ Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, kí owó ọkọ̀ kan ṣoṣo ká gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fídíò sinmi ná: orin tí wọn ò tíì máa béèrè lóde, mi ò rí ohun tí fídíò fẹ́ ṣe fún un. Ohun èlò, ẹ máa háyà rẹ̀ lọ́jọ́ òde. Ẹ má lọ gba ilé sí Ìbàdàn nítorí pé wọ́n ní ibẹ̀ lorin wà. Ilé ìyá yín ò gbowó oṣù. Aṣọ ńkọ́? Léèsì láwìn, bàtà láwìn, gíláàsì dúdú láwìn, òun náà lọmọ kan kó sára tó ń kọrin pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́.

Ká wá wo owó tó ń wọlé. Ká ní wọ́n bẹ̀ yín lóde sí Ìgbòho ní ₦150,000. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ gba ₦30,000, sípíkà tí ẹ háyà ₦35,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦10,000. Onílù àti ẹlẹ́gbè méje, ₦8,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦56,000 nìyẹn. ₦19,000 ló kù fún ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára báńà. Ẹ ó ní owó tí wọ́n ń ná fún yín lójú agbo ńkọ́. Abala 21 nínú òfin CBN ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà tàbí láti máa jó lórí rẹ̀; ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, wọn ò fi owó ìtanràn rọ́pò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi irú owó bẹ́ẹ̀ dá ọjọ́ fún ẹni tí ẹ jẹ lówó. Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni àsansílẹ̀: kó tó ọkọ̀, epo àti owó àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́, kó sì ti wọlé kí ẹ tó di ìlù sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ní "ẹ máa bọ̀ ná, a ó rí i," ẹ kí i, kí ẹ jókòó sílé.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì náà, Spotify kéde pé àwọn olórin Nàìjíríà pa ju ₦58 bílíọ̀nù lọ lọ́dọ̀ àwọn ní 2024. Ọdún yẹn kan náà ni òfin wọn bẹ̀rẹ̀ pé orin tí wọn ò gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 ò ní gba nǹkan kan. Ẹ gbé orin yín síbẹ̀, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2017 láti máa gba owó ẹ̀tọ́ fún olórin. Kí ẹ sì gbàgbé owó ibẹ̀ títí tó fi máa dé.

Àwọn àgbà tí ẹ ń wò lókè, iṣẹ́ mìíràn ló bọ́ wọn nígbà tí orin ò tíì lè bọ́ wọn. I.K. Dairo gẹ̀run, ó kiri aṣọ, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fún un ní oyè MBE ní 1963. Sikiru Ayinde Barrister ṣe iṣẹ́ akọ̀wé nínú iṣẹ́ ológun kó tó gbájú mọ́ fújì. Ẹ wá gbọ́ ti Haruna Ishola: àwo tó ṣe ní 1948 fún Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó ò tà. Ó ń lọ òde kiri títí ọba náà fi wàjà, tó tún orin náà ṣe ní nǹkan bíi 1955, tí orúkọ rẹ̀ sì kàn. Ọdún méje ju ọ̀sẹ̀ 360 lọ. Ká ní owó ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló fi ṣe àwo àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?

Kì í ṣe ayánilówó nìkan ló ń dá gbèsè síni lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun á gbé yín lárugẹ, owó tó ná lórí yín ló máa kọ́kọ́ yọ. Ní 1995, nígbà tí àwo àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní TLC ń tà ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ pé àwọn ò lè san gbèsè $3.5 mílíọ̀nù. King Sunny Ade tiwa náà, ẹjọ́ lórí àwọn orin tó kọ fún ilé iṣẹ́ African Songs lé ní ogún ọdún nílé ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a láre ní 2020, pé kí wọ́n san ₦500 mílíọ̀nù fún un. Ẹni tí kò bá lè dúró de ẹjọ́ ogún ọdún, kó gbé ìwé àdéhùn fún agbẹjọ́rò kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní agbègbè tiwa, mi ò rí agbátẹrù tó dáa ju oko lọ. Ẹ ya ebè sọ́tọ̀ fún orin, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, èyí tí ẹ ò ní fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ máa dá àjọ lára owó òde kí ẹ tó délé. Bó bá di dandan kí ẹ yáwó, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ ẹ̀yìn ìkórè lẹ ó máa san án, kó má sì ju iye tí oko nìkan lè san bí orin náà ò bá tà rárá.

Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ lọ bá wọn kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè san, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má yá ti fóònù láti fi san ti ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní sípíkà tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ tà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bàbá yín. Ẹ̀yin ìyá tí orúkọ yín sì wà nínú ìwé, ẹ gba pásíbúkù yẹn lọ́wọ́ ọmọ lónìí, kí ẹni tó mọ̀wé kà á sí yín létí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó tí ẹ fi rán an ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lè máà sí níbẹ̀.