Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Kọsẹ̀, Àti Irú Kọ́ìlì Tí Ó Yẹ Kí Awakọ̀ Rà

Ká ní awakọ̀ kan gbéra ní Ìṣẹ́yìn ní ìdájí, tí ó kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 rẹ̀, tí ó sì dojú kọ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà rìn dáadáa fún bí wákàtí kan. Nígbà tí oòrùn mú, tí ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀: ó ń fà, ó ń dá, sàlẹ́ńsà ń yìnbọn, gbogbo ara ọkọ̀ sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò pẹ́ tí ó fi kú pátápátá. Àwọn obìnrin tí wọ́n ni ẹrù sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń wo oòrùn, wọ́n ń wo apẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè láti abúlé tí ó wà nítòsí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan kọ́ìlì, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kọ́ìlì ti jó, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí á lọ ra òmíràn."

Wọ́n lọ, wọ́n rà á, wọ́n dè é mọ́ ọn, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún kú sí ojú ọ̀nà kan náà.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń fi ọkọ̀ àgbà kó èrè oko. Àṣìṣe méjì ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èkíní ni pé a ra kọ́ìlì kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni pé a ra kọ́ìlì tí kò bá wáyà ọkọ̀ mu. Owó àti ẹrù ni àwọn méjèèjì ń gbé lọ, nítorí tòmátì kì í dúró de mẹkáníìkì.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọkọ̀ tí ń lo pẹtiróòlù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọkọ̀ tí ń lo dísù kò ní kọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná. Ooru afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ ni ó ń mú kí epo rẹ̀ gbiná. Ẹni tí ó bá ń wá kọ́ìlì kiri fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá ìwo lára ẹṣin.

Bátìrì ọkọ̀ kò ju fóòlùtì 12 lọ. Agbára yìí kò lè mú kí iná fo àlàfo tí ó wà ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, pàápàá nínú sílíńdà tí a ti fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ sí. Kọ́ìlì ni ó ń sọ agbára kékeré yìí di ńlá. Nínú rẹ̀ ni irin kan wà tí wáyà méjì wé mọ́. Wáyà kan nípọn, ó wé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà; èkejì tín-ín-rín bí irun orí, ó wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nígbà tí kọ́ńtáàtì tí ó wà nínú dísítíríbítọ̀ bá pa ẹnu dé, iná bátìrì ń gba wáyà tí ó nípọn kọjá, ó sì ń sọ irin náà di mágínẹ́ẹ̀tì. Bí kọ́ńtáàtì bá ti la ẹnu, agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà wó lójijì, ó sì bí iná tí ó lè tó fóòlùtì 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú wáyà tín-ín-rín. Iná yìí gba àárín orí kọ́ìlì jáde lọ sí ìdérí dísítíríbítọ̀, rótọ̀ tí ń yí lábẹ́ ìdérí náà sì ń pín in fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan bí ó ti kàn án. Ní Peugeot 504 onísílíńdà mẹ́rin, 1, 3, 4, 2 ni ètò pínpín náà. Bí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 6,000 ni iná gbọ́dọ̀ ta láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Kò yani lẹ́nu bí díẹ̀ nínú wọn bá fò nígbà tí nǹkan bá gbó.

Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fún ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1910. Bákan náà ni ó rí nínú lọ́rì Bedford onípẹtiróòlù ti ayé bọ́lẹ̀kájà, àfi pé sílíńdà mẹ́fà ni tiwọn. Ẹni tí ó bá mọ ti ọ̀kan, ó ti mọ ti èkejì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí mẹkáníìkì bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé sílíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́, tàbí gbogbo wọn ni ó ń kọsẹ̀? Kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ gbogbo sílíńdà, bí ìyá tí ó fi ìkòkò kan bọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí ebi bá ń pa ọmọ kan ṣoṣo, tí àwọn mẹ́ta yòókù sì yó, a kì í kọ́kọ́ wo inú ìkòkò. Abọ́ ọmọ náà ni a ń wò.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò le. Kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́jẹ́. Kí mẹkáníìkì fi pílíásì tí a fi rọ́bà bo ọwọ́ rẹ̀ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, kí ó jẹ́ kí ẹnu wáyà náà kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì dá a padà kí ó tó yọ òmíràn. Nígbà tí ó bá yọ ti sílíńdà tí ara rẹ̀ yá, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò yí padà, yóò rẹlẹ̀, yóò sì túbọ̀ máa gbọ̀n. Nígbà tí ó bá yọ ti sílíńdà tí ó ti kú, ohunkóhun kò ní yí padà. Ibẹ̀ ni àìsàn wà. Kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì ibẹ̀, kí ó fi í sí ibòmíràn, kí ó sì fi ti ibòmíràn sí ibẹ̀. Bí àìsàn náà bá bá púlọ́ọ̀gì lọ, púlọ́ọ̀gì ni kí a rà. Bí ó bá dúró sí ibi tí ó wà, kí a yẹ wáyà rẹ̀ wò, kí a sì yẹ ojú rẹ̀ lára ìdérí dísítíríbítọ̀ wò. Bí ìwọ̀nyí bá dára, ó ṣeé ṣe kí fáàfù ti jó tàbí kí ríǹgì písítìnì ti gbó. Kò sí kọ́ìlì tí ó lè wo èyíinì sàn.

Àwọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí bí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí èédú, epo ń pọ̀ jù nínú kábúrétọ̀. Bí ó bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo sílíńdà ni ó ń kọsẹ̀, ìgbà náà ni a tó lè fura sí kọ́ìlì, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni afurasí. Rótọ̀ lè sán, kọ́ńtáàtì lè dípẹtà, kọ́ńdẹ́ńsà lè bàjẹ́, wáyà tí ó ti orí kọ́ìlì wá sí àárín ìdérí lè jó. Ní ìgbà òjò, omi tí ó fín sí abẹ́ ìdérí nìkan tó láti dá ọkọ̀ dúró. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe owó. Awakọ̀ tí ó bá ń ṣiyè méjì lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí ó sì pa gbogbo iná. Ibi tí iná bá ti ń jò yóò hàn kedere, yóò máa fò láti ara wáyà sí ara irin bí ìgbà tí mànàmáná bá ń kọ.

Ọkọ̀ tí ó ń kú nígbà tí ó bá gbóná, tí ó sì ń jí nígbà tí ó bá tutù, ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Ohun mẹ́ta ni ó lè fa èyí. Wáyà inú kọ́ìlì lè máa já nínú ooru, kí ó sì tún máa kan ara wọn bí ó bá tutù. Kọ́ńdẹ́ńsà lè máa ṣe bákan náà. Tàbí kí pẹtiróòlù máa hó nínú páìpù rẹ̀ kí ó tó dé kábúrétọ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò sì rí epo mu. Kíkan kọ́ìlì lọ́wọ́ kò lè fi èwo hàn, nítorí kọ́ìlì tí ara rẹ̀ yá pẹ̀lú máa ń gbóná. Ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ó tó tutù, ni kí a dán an wò. Kí a yọ wáyà àárín kúrò lára ìdérí dísítíríbítọ̀, kí a fi pílíásì onírọ́bà mú un kí ẹnu rẹ̀ fi bí ìbú ìka kékeré jìnnà sí irin ẹ́ńjìnnì, ní ibi tí ó jìnnà sí kábúrétọ̀ àti sí epo tí ó bá ń jò, kí ẹnìkan sì fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ń ta, tí ó ń dún ṣáká, kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Ọ̀dọ̀ epo ni kí a lọ. Bí iná náà bá pupa tàbí tí ó rí bí òwú, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Bí kò bá sí iná rárá, kí a mú gílóòbù kékeré oní-fóòlùtì 12, kí a so wáyà rẹ̀ kan mọ́ irin ọkọ̀, kí a sì so èkejì mọ́ ẹnu kọ́ìlì tí ó lọ sí dísítíríbítọ̀. Bí a ti ń yí ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí gílóòbù máa ṣẹ́jú. Bí ó bá tàn sílẹ̀ láìṣẹ́jú, kọ́ńtáàtì kò pa ẹnu dé tàbí ó dọ̀tí. Bí kò bá tàn rárá, iná bátìrì kò dé ibẹ̀, tàbí ó ń gba ibòmíràn wọlẹ̀. Bí ó bá ń ṣẹ́jú dáadáa, tí iná ńlá kò sì jáde, kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, nítorí owó rẹ̀ kéré sí ti kọ́ìlì. Bí kò bá yí padà, kọ́ìlì ni.

Ó wá ku rírà. Ohun tí ó ya kọ́ìlì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ tàbí bí ó ti ga tó, bí kò ṣe bí wáyà rẹ̀ tí ó nípọn ti ń dènà iná tó. Óòmù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Kọ́ìlì tí a ṣe láti gba fóòlùtì 12 tààrà máa ń tó nǹkan bí óòmù 3. Irú kejì, tí ó máa ń tó nǹkan bí óòmù 1.5, ni a ṣe fún ọkọ̀ tí ó ní bálásì, èyíinì ni ohun tí ń dín iná kù kí ó tó dé kọ́ìlì. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bálásì jẹ́ òkúta funfun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì. Nínú òmíràn, wáyà gígùn ni, tí ó fara pamọ́ láàárín àwọn wáyà yòókù. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ọkọ̀ àgbà ti gbà kọjá, ẹnikẹ́ni lè ti yọ ọ́ kúrò. Mítà nìkan ni a lè gbà gbọ́: kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ láìyí ẹ́ńjìnnì, kí kọ́ńtáàtì pa ẹnu dé, kí a sì wọn iná ní ẹnu kọ́ìlì tí iná bátìrì ń bá wọlé. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12, kò sí bálásì. Bí ó bá wà láàárín 6 àti 9, bálásì wà.

Bí a bá de kọ́ìlì óòmù 1.5 mọ́ ọkọ̀ tí kò ní bálásì, iná tí ó yẹ kí ó jẹ́ áńpíà 4 yóò di 8. Ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́, àní iná rẹ̀ yóò lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, inú awakọ̀ yóò sì dùn fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni kọ́ńtáàtì yóò jó dúdú, kọ́ìlì yóò sì hó. Bí a bá sì de ti óòmù 3 mọ́ ọkọ̀ tí ó ní bálásì, iná yóò rẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa kọsẹ̀ ní òkè nígbà tí ẹrù bá wúwo.

Èyí gan-an ni ó ṣe awakọ̀ Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ rẹ̀ dé Ìbàdàn, mẹkáníìkì tí ó ní mítà rí i pé kò sí bálásì, pé óòmù 1.5 ni kọ́ìlì tuntun, àti pé kọ́ńtáàtì ti jó. Ó wọn kọ́ìlì àtijọ́ tí awakọ̀ sọ sínú àpótí irinṣẹ́: óòmù 3 ni. Ó gbé e sínú omi gbígbóná nínú ọ̀rá tí a so pinpin, ó tún un wọ̀n, kò sì já. Kọ́ńdẹ́ńsà ni ó ti kú ní ọjọ́ kìíní. Ọkọ̀ náà jí ní ọjọ́ náà kìkì nítorí pé ó ti tutù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wá kọ́ìlì kiri.

Ẹni tí ó bá ń ra kọ́ìlì tòkunbọ̀, ìbáà ṣe ní Ládípò ní Múṣin tàbí níbòmíràn, kí ó mú mítà dání. Láti ẹnu kékeré sí àárín orí kọ́ìlì, ó yẹ kí ó rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù. Púpọ̀ wà láàárín 5,000 àti 15,000. Èyí tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀ kò yẹ ní rírà. Kí ó sì kíyè sí àmì tí ó wà lẹ́nu rẹ̀: ní ọkọ̀ tí a so ẹnu òdì bátìrì mọ́ irin ara rẹ̀, ẹnu òdì kọ́ìlì ni ó ń lọ sí dísítíríbítọ̀. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti ìgbà àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ohun kan sì wà tí ń pa kọ́ìlì tuntun: kí ẹ́ńjìnnì kú, kí awakọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí àtigbọ́ rédíò.

Nínú àwọn píkọ́ọ̀pù tí ó dé lẹ́yìn, bíi Toyota Hilux tí ó ní ẹ́ńjìnnì 2TR-FE, kò sí dísítíríbítọ̀ mọ́. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní ìkòkò tirẹ̀, nítorí náà sílíńdà kan ṣoṣo tí ó kú lè jẹ́ ẹ̀bi kọ́ìlì. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò yóò kọ P0301 bí ó bá jẹ́ sílíńdà kìíní, P0302 bí ó bá jẹ́ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a gbé kọ́ìlì ibẹ̀ lọ sí sílíńdà mìíràn. Bí nọ́ńbà náà bá tẹ̀ lé e lọ, òun ni kí a rà, ẹyọ kan péré, kí a sì tọ́jú èyí tí a yọ títí tuntun yóò fi rìn dé ọjà kí ó sì padà wálé.