MÁ SÁRÉ JU AGBÁRA RẸ LỌ

KÀ: 1 Àwọn Ọba 18:46, 19:1-8
ÀKỌ́SÓRÍ: 1 Kọ́ríńtì 9:26 (Ṣí Bíbélì rẹ, kí o kà á sókè.)

Bí o bá dé Ìdúmọ̀tà ní òwúrọ̀, wo àwọn alábàárù tí ń gbé báálì aṣọ wọ Ọjà Balógun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa fi ẹrù sáré. Kí oòrùn tó ga, ó ti jókòó ti ògiri, ó ń mí hẹlẹ. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà a máa rìn ní ìwọ̀n kan náà, a sì máa sinmi díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òun ló gbé ẹrù jù.

Bẹ́ẹ̀ ni eré ọ̀nà jíjìn rí. Ní ọdún 2016 tí wọ́n kọ́kọ́ sá Máráthọ́ọ̀nù Ìlú Èkó, wọ́n gbéra ní Sùúrùlérè, wọ́n gba orí afárá Third Mainland, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Eko Atlantic: kìlómítà 42.195. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí sábà máa ń rí i pé ẹsẹ̀ òun kọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 30, nítorí ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìgbaradì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí a ń sáré ni iṣan ń le sí i. Ìgbà tí a bá jẹun, tí a sùn ni.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti ṣe àṣìṣe náà rí. Ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, ọjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo tún ń sáré ní ìdájí ojoojúmọ́. Oorun dá lójú mi, orúnkún ń dùn mí, mo ń kanra mọ́ àwọn ará ilé, ọkàn mi sì ń yára lù kí n tó dìde lórí ibùsùn. Mo pè é ní ọfà ọ̀tá, mo ń bá a jà nínú àdúrà. Dókítà ló là mí lójú pé ara ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi.

Olùfẹ́, wo Èlíjà. Ó sáré ṣíwájú Áhábù dé Jésírẹ́lì, ó tún sá fún Jésébẹ́lì wọ aginjù. Níbẹ̀ ni ẹni tó pe iná láti ọ̀run ti ní kí òun kú. Ṣàkíyèsí pé Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a wí, kò sì ní kí ó gbààwẹ̀. Ó jẹ́ kí ó sùn, áńgẹ́lì fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn, ó tún jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó rin 40 ọjọ́ dé Hórébù. Ìsinmi rẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Òun ni ó gbé e dé òpin ìrìn àjò.

ÌGBÉSẸ̀: Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ bí o ti ń sáré ìgbaradì, dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ya ọjọ́ kan, ó kéré tán, sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìsinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi kún un. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí òòyì bá kọ́ ọ, dúró lójú ẹsẹ̀, kí o sì wá dókítà.

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní ọgbọ́n láti mọ ìwọ̀n eré mi. Má jẹ́ kí n ṣubú lójú ọ̀nà kí n tó dé òpin, ní orúkọ Jésù. Àmín.