Kí Là Ń Pè Ní Ìrìn? Àwọn Àgbà àti Àdúgbò ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Mo bi ìyá tó bí ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń rìn dáadáa?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí n rìn lọ síbo?"

Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń wádìí bí àdúgbò ṣe ń mú kí àgbàlagbà rìn tàbí kó jókòó sílé. Ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń lò ni NEWS, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2013, Adewale Oyeyemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde àyẹ̀wò irú rẹ̀ tó bá Nàìjíríà mu jáde.  Tí a bá fẹ́ lò ó ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè dé nìyẹn.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ìrìn fúnra rẹ̀. Tí a bá kọ "rìn kiri", àgbà máa sọ pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò níṣẹ́ ló ń rìn kiri. "Nasẹ̀" sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń lọ gan-an ló yẹ ká béèrè: ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ẹbí.

Èkejì, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, títì ló kàn, gọ́tà ló tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká béèrè báyìí: "Ṣé àyè wà tí ẹ lè gbẹ́sẹ̀ sí láì bọ́ sójú títì?" Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ní Ìfọ́n, níbi tí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Bìní gbà kọjá.

Ẹ̀kẹta, èdè. Ní Ìdóàní, ní Ọ̀sẹ́, àwọn kan ń sọ Iyayu, èdè tó jẹ́ ìbátan Ẹdó. Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kò ní tó níbẹ̀.

Mo padà lọ bá Màmá. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ sọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Wọ́n ní, "N ò lọ rárá. Ọjà ò jìnnà, ẹsẹ̀ ò sì dùn mí. Pákó orí gọ́tà ló ti jẹrà. Mo ti ṣubú níbẹ̀ rí."

Ká ní ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ, "kì í rìn" ni mo máa kọ sílẹ̀, ara wọn ni màá sì dá lẹ́bi. Pákó la nílò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ bi àgbà kan nílé yín ní ibi tó máa ń lọ tẹ́lẹ̀ tí kò lọ mọ́, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.